Ta La Ń Pè Ní “Ẹ̀yin”?

Ní ọdún 1919, Ernst Lubitsch ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ní Jámánì, Die Austernprinzessin. Kò ní ohùn. Ossi, ọmọ olówó Amẹ́ríkà kan, gbọ́ pé ọmọ ẹni tó ń ta pólíṣì bàtà ti fẹ́ ìjòyè, ló bá ń fọ́ nǹkan ilé. Bàbá rẹ̀ ní òun yóò ra ọmọ ọba fún un. Nucki, ọmọ ọba tí wọ́n rí, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ó rán Josef lọ wo ìyàwó wá. Ossi rò pé Josef ni ọmọ ọba, ó sì fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú ni Kaiser Wilhelm Kejì fi oyè sílẹ̀. Lọ́dún 1919 kan náà, òfin tuntun sọ oyè àwọn ọlọ́lá di apá kan orúkọ lásán.

Mo fi fíìmù yìí han ìyá mi àgbà lórí fóònù ní Àjàgbà. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ń gbé oúnjẹ yí Josef ká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ ni wọ́n ń kí, wọn ò kí èèyàn.

Ẹ ó rí i pé “ó” ni mo lò fún un. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ la ń sọ nílé wa, arọ́pò-orúkọ ẹyọ la sì fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìkúnlẹ̀, ohùn àti orúkọ tí a fi pe àgbà ló ń gbé ọ̀wọ̀ náà. Nígbà tí àbúrò mi tó ń gbé Ìbàdàn pè é ní “ẹ̀yin”, ó wẹ̀yìn wò, ó béèrè ta ló tẹ̀lé òun wá.

Ṣùgbọ́n ní ilé akẹ́kọ̀ọ́, tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn kan máa ń ní n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ mìíràn máa ń jáde síta kí wọ́n tó gbé ìpè ilé.

N kò ní kí ọmọ Ọ̀yọ́ má pe bàbá rẹ̀ ní “ẹ̀yin”. Àwọn ará Jámánì náà ní Sie, wọ́n sì ní du. Ohun tí mo ń sọ ni pé gírámà ibì kan kò lè di òṣùwọ̀n ìwà fún ibòmíràn. Àwa tá a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ èyí. Èmi ò ní jáde síta mọ́ tí ìyá mi àgbà bá pè.