Ta Ni Yóò San Owó Ẹlẹ́dẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, ọdún 2008, ìjọba Ireland pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti pa láti oṣù Kẹsàn-án kúrò lórí àtẹ. Epo ẹlẹ́gbin ni wọ́n fi dáná mú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbẹ, májèlé dioxin sì bá a wọlé. Oko tó ra oúnjẹ náà kò tó nǹkan. Ìka kan ló tọ́ epo tó ràn mọ́ àwọn yòókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ apẹran takú: láìsí owó gbà-má-bínú, kò sí ẹran pípa. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 180 owó Yúrò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àṣẹ ìjọba ló pa ọjà aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ará ìlú ni o, kì í ṣe ti ẹni tó ta epo.