Nítorí fọ́tò, díẹ̀ ló kù kí n kó bá ìjọ wa ní Ofosu

Ìròyìn ẹlòmíràn ni mo sábà máa ń kọ sí yín. Lọ́tẹ̀ yìí, ti ara mi ni mo fẹ́ sọ, kò sì dùn ún sọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n oníròyìn tó ń sọ ti gbogbo ayé, tí kì í sọ ti ara rẹ̀, òfófó lásán ló ń ṣe.

Ofosu ni mo ń gbé. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Benin rí ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Tí ẹ bá ti kúrò ní Ọ̀rẹ̀, kí ẹ tó wọ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Edo, àwa nìyẹn. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni wọ́n pín wa sí, ṣùgbọ́n àwọn òkè Ìdànrè tí àlejò ń wá wò jìnnà sí wa. Igbó, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó ni tiwa. Onírúurú ẹ̀yà ló kóra jọ síbẹ̀ nítorí oko àti iṣẹ́ igi. Nínú ìjọ Àgùdà wa, tí orin bá bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ó lè parí ní Ìgbò, kò sì sí ẹni tí yóò bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Àgùdà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì ni à ń pè ní Ádífẹ́ǹtì, àsìkò tí a fi ń retí bíbọ̀ Olúwa. Aṣọ elésè àlùkò ni Fádà ń wọ̀ ṣe Mísà. A kì í kọ orin Glória ní àwọn Ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyẹn, a ó fi pa mọ́ di òru Kérésìmesì. A ó fi ewé ṣe òṣùká ńlá kan, a ó to àbẹ́là mẹ́rin sí i, mẹ́ta elésè àlùkò, ọ̀kan pínǹkì. Ọ̀kan là ń tàn ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi jó pọ̀. Mo kà á pé Àgùdà kọ́ ló dá a sílẹ̀ o. Pásítọ̀ ìjọ Luther kan ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, Johann Wichern, ló to àbẹ́là sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ní 1839 fún àwọn ọmọ tálákà tó ń tọ́jú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé Kérésìmesì ku ọjọ́ mélòó. Ní tiwa, imọ̀ ọ̀pẹ la fi ṣe òṣùká náà. A wá àbẹ́là pínǹkì títí, a kò rí. Ìyá aránṣọ kan ló fi ríbọ́ọ̀nù we àbẹ́là funfun, ó sì dára.

Àsìkò yìí kan náà là ń dáwó fún àwọn aláìní. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, 2024 ni Ádífẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ẹ̀yin náà rántí bí ọjà ṣe rí nígbà náà. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún, 2023, kò sí ohun tí kò gbówó lórí. Ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, N100,000, la ra àpò ìrẹsì kan. Ẹgbẹ́ obìnrin dá tiwọn, ẹgbẹ́ ọkùnrin dá tiwọn pẹ̀lú ariwo, àwa ọ̀dọ́ náà sá eré díẹ̀. A ra àpò mẹ́ta. Àpò kan fún wa ní kóńgò 33, nítorí ìyá tó wọ̀n ọ́n kì í ki àtàǹpàkò sínú kóńgò bí àwọn kan tí mo mọ̀ lọ́jà. Kóńgò 99 lápapọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, 15 oṣù Kejìlá, a ṣe ìpàdé lẹ́yìn Mísà. Ìhìn Rere ọjọ́ náà dá lé Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Àwọn èrò ń bi í pé kí ni kí àwọn ṣe, ó sì ń sọ fún ẹni tó ní aṣọ méjì pé kó fún ẹni tí kò ní lọ́kan. Ìyá Ẹgbẹ́ Obìnrin wa, tó ń ta ata àti tòmátì, dìde. Ó ní kí a kọ orúkọ àwọn ilé tí a mọ̀ pé nǹkan le fún, kí a gbé ìrẹsì lọ bá wọn, kóńgò méjì méjì. "Ilé márùnlélógójì ni mo kà," ló wí. "Mo mọ̀ wọ́n. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń ra ata onígba náírà."

Èmi ni mo dìde tako ìyá yìí. Mo ní rárá o, mà. Mo ní kí a pe gbogbo ìlú, Àgùdà àti ẹni tí kì í ṣe Àgùdà, kí wọ́n wá sí ọgbà ìjọ ní àárọ̀ Sátidé 21. Mo sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní ìfẹ́ kì í ní ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ òótọ́. Kì í ṣe ìfẹ́. Fọ́tò ni. Olóòtú ti sọ fún mi pé ìròyìn tí kò bá ní fọ́tò èrò, ẹ̀yìn ìwé ló máa ń sùn. Mo ti rí i lọ́kàn mi: èrò rẹpẹtẹ, Fádà láàárín, ọwọ́ lókè, orúkọ mi nísàlẹ̀. Ilé ìwé girama nìkan ni mo jáde, mi ò lọ sí yunifásítì. Fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ ni yunifásítì tèmi.

Ìyá Ẹgbẹ́ kò bá mi jà. Ó wò mí, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jókòó.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdé, mo ra páálí mẹ́wàá àti máákà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "ÌRẸSÌ KÉRÉSÌMESÌ, Ọ̀FẸ́! Gbogbo ènìyàn!" Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáréèjì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ sọ́míìlì, mo fún àwọn ọlọ́kadà ní méjì kí wọ́n gbé e dé àwọn abà tó wà nínú igbó.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè, 18, ìròyìn Ìbàdàn dé. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Wọ́n pe àwọn ọmọdé sí ayẹyẹ ọdún ní ilé ìwé Islamic High School, Bàṣọ̀run, pé wọn yóò gba ẹ̀bùn. Ọmọ márùndínlógójì ni kò padà sílé. Mo kà á lórí fóònù mi ní abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, mo gbójú sókè, páálí mi ló wà níwájú mi.

Ṣé ẹ rò pé mo sáré lọ já a? Rárá. Mo ní Ìbàdàn nìyẹn, ìlú ńlá ni, Ofosu nìyí. Ojú ń tì mí láti padà lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́. Mo gbé e mì ní ọjọ́ yẹn, mo sì fẹ́ gbé e mì ní Tọ́sìdeè náà.

Bàbá Katikíìsì ló ránṣẹ́ pè mí ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè. Àgbàlagbà ni bàbá yìí, bíríkìlà ni kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Wọ́n jókòó sórí àga, rósárì lọ́wọ́.

"Oníròyìn, kóńgò mélòó la ní?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, Bàbá."

"Ènìyàn mélòó lo pè?"

N ò lè dáhùn. Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀."

"Géètì mélòó ni ọgbà wa ní?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ibẹ̀ ni òógùn ti bò mí. Ní 5 oṣù Kẹfà, 2022, Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, nínú dáyósíìsì Oǹdó tiwa yìí kan náà, wọ́n pa nǹkan bí ogójì ènìyàn. Láti ìgbà náà, a ti fi irin dí géètì ńlá wa. Géètì kékeré ẹ̀gbẹ́ nìkan là ń gbà, ọkùnrin méjì á sì máa ṣọ́ ọ. Ẹnì kan ló lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a ṣe kí wọ́n má baà pa wá gan-an ni ì bá pa wá.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní àwọn ènìyàn rò pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ló ń pa ènìyàn nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹlòmíràn á kú lórí ìdúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí iwájú, wọ́n ń tì í. Ẹni iwájú kò ríbi lọ, wọ́n á fún àyà rẹ̀ pọ̀ títí tí kò ní lè fa èémí sínú mọ́. Kò sí ẹni tó bínú sí ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá Katikíìsì ní kí n dìde, pé òun kọ́ ni Fádà. Wọ́n ní kí n lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ń ṣa ata. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọjà. Mo ní, "Mà, ẹ dárí jì mí, tiyín ló tọ̀nà." Ìyá yìí kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, páálí mélòó lo lẹ̀? Dìde, jẹ́ ká lọ já a kí ilẹ̀ tó ṣú." Ẹ̀yin èyí tí mo ń bẹ̀rù!

A já páálí. Fádà gbà pé ilé dé ilé ni. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè la bẹ̀rẹ̀, nínú náílọ̀n dúdú, kí ará àdúgbò má baà mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti dé inú igbó, ta ni yóò já a? Ní àárọ̀ Sátidé, kí aago méje tó lù, èrò ti ń bọ̀ láti abà, ọmọ lẹ́yìn, àpò lọ́wọ́. Mo kà ju igba lọ kí n tó dákẹ́. Àwọn obìnrin ìjọ ti jókòó sí gáréèjì àti ẹ̀bá títì láti dá wọn dúró, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sọ pé kò sí ìrẹsì nínú ọgbà. Ilé márùnlélógójì, kóńgò méjì méjì, àádọ́rùn-ún ti lọ. Mẹ́sàn-án ló kù. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn jù wá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ la fi í fún. Àwọn yòókù bú wa. "Ẹ ti jẹ ẹ́ tán!" "Olè inú ìjọ!" Ọkùnrin kan fa kọ́là aṣọ mi. N kò bínú sí i. Èmi ni mo fi páálí pè é.

Nígbà tó di ọ̀sán ni fóònù ń dún káàkiri. Wọ́n ní ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nílé ìjọsìn Àgùdà kan ní Màìtámà, Àbújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ fún aláìní, ó kéré tán ènìyàn mẹ́wàá ti kú, ọmọdé wà nínú wọn. Kí a tó gbọ́ ìyẹn tán, ti Okija ní Anambra dé, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì, ó ju ogún lọ. Sátidé kan náà. Ọkùnrin tó fa kọ́là mi ṣì dúró síbẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé. Kò wo ojú mi.

Ilé kan ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ìyá kan wà tó ń ta gàrí. Ní 2023, ìyá yìí nìkan ló gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì sílẹ̀ fún àwọn aláìní, gbogbo wa sì kí i. Ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn, ilé ìwòsàn jẹ owó òwò tán. Láti oṣù Kẹwàá ló ti ti ṣọ́ọ̀bù, tó sọ pé òun rìnrìn àjò. Inú ilé ló wà. Ṣé ẹ rò pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ á wá tò níwájú fóònù mi?

Ẹ̀yìnkùlé la gbà wọlé lóru Fúráìdeè, èmi àti Ìyá Ẹgbẹ́. Ó rí náílọ̀n, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ní kí ẹ kọ orúkọ mi?"

Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Orúkọ wo? Ìrẹsì tí o yá wa lọ́dún tó kọjá la mú wá. Gbà, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún, ó wá gbà á. Fóònù mi wà lápò. N kò yọ ọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, a tan àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìhìn Rere ọjọ́ yẹn ni ti Màríà tó dìde pẹ̀lú oyún, tó yára gba ọ̀nà òkè lọ kí Èlísábẹ́tì nílé rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Oníròyìn, ṣé o gbọ́? Kò ránṣẹ́ pé kó wá tò." Mo ti jẹ́wọ́ ní alẹ́ Sátidé. Ohun tí mo sọ fún Fádà, kò kan ìwé ìròyìn.

Olóòtú béèrè fọ́tò. Mo ní kò sí. Ìròyìn náà kò jáde.

Nínú oṣù Kìn-ín-ní, 2025, mo lọ jẹun ní búkà kan lẹ́yìn sọ́míìlì. Páálí kan tí mo gbàgbé láti já wà lára ògiri níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi èédú kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ìrẹsì dà?" Mi ò tíì mọ ẹni náà. Mo bi olóúnjẹ, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹun níbẹ̀.