Ojú Rẹ Ni Mo Fi Rajà

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni àwọn bàbá wa ń sọ ní Tòkunbọ̀. Lóde òní, ọkọ̀ àlòkù, fìríìjì àlòkù, gbogbo wọn ni tòkunbọ̀. Èmi náà di alágbàtọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fàdà: mo ń ra òkìrìkà ní ọjà Kàtáńgówà l'Ékòó, mo sì ń tà á lórí fóònù.

Lọ́jà, oníbàárà a na aṣọ sí oòrùn, a fọwọ́ ra á, a gbé e lé àyà wò. Lórí fóònù, àwòrán nìkan ni ó rí. Nọ́ńbà ọrùn aṣọ pàápàá ń tanni: 12 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 8 l'Ámẹ́ríkà. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi téèpù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kan, mo rí kóòtù dúdú kan tí iná ti jó luhò lábẹ́ apá. Mo ká apá náà mọ́lẹ̀, mo ya àwòrán, mo kọ ọ́ pé, "Kò ní àbùkù." Ìyá kan ní Ìbàfò san náírà 6,000, kí ọmọ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lọ wá iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí. Kò bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú rẹ ni mo fi rajà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ. Mo dá owó rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, ihò ni mo ń kọ́kọ́ yà ní àwòrán. Ọ̀pọ̀ a wò ó, wọn a kọjá lọ. Ọjà mi a sì máa falẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Ìbàfò ti tún ra ẹ̀wù méjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àlòkù kì í tijú pé òun ti gbó. Àwa tí ń tà á ni kí a má purọ́ mọ́ ọn.