Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ, Ti Àgbàlagbà Kò Wọ Akèrègbè: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àgọ́ Àwọn Sikáòtù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.” Ibi tí ènìyàn ti lè fi ojú rí òwe yìí kedere ni àgọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Sikáòtù máa ń pa ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé àgọ́ aláṣọ dúró, ọmọ kékeré ni í rá wọ abẹ́ aṣọ láti di òpó àárín mú. Ẹ̀gbọ́n tí apá rẹ̀ ti le ni í fi òòlù gbá èèkàn wọlẹ̀, tí í sì fa okùn le. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá yẹra, àgọ́ á wó.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ yìí ti so àgbà pọ̀ mọ́ ọmọdé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ olówó wà nínú wọn, ọmọ òṣìṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì fi ọmọkùnrin tó dàgbà díẹ̀ ju àwọn yòókù ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé bíi tiwọn ni ó ń darí wọn, kì í ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1915 ni ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà. Ní ọdún 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, àjọ Sikáòtù àgbáyé gba Nàìjíríà wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ a máa pawọ́ pọ̀ yẹ ọ̀nà oko, wọn a sì máa ṣe ọ̀wẹ̀ fún ara wọn. Nínú ilé alágbẹ̀dẹ, ọmọ-iṣẹ́ tuntun kì í kọ́kọ́ bá ọ̀gá pàdé nídìí ẹwìrì. Èyí tó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni yóò fi bí wọ́n ṣe ń fẹ́ná hàn án. Ẹni tí kò tíì gbàgbé ibi tí iṣẹ́ ti ta á lọ́wọ́ ni olùkọ́ tó dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo Satellite Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò jìnnà sí Festac Town tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ ní ọdún 1977. Lónìí, odi àti gẹ́ètì ló yí ilé ká, ọkọ̀ agbépo sì sọ ojú títì di ibi tí òbí kò lè jẹ́ kí ọmọ dá rìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ti ẹnu gẹ́ètì bọ́ sínú ọkọ̀ ilé-ìwé, wọ́n ń ti ilé-ìwé lọ sí lẹ́sìn, wọ́n sì ń padà sídìí fóònù. Ọmọ ọdún 11 lè gbé ilé kejì sí ọmọ ọdún 17 fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n má tíì jọ ṣe ohunkóhun pọ̀.

Nínú àgọ́, dandan ni kí wọ́n jọ ṣe é. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi tó ga díẹ̀ kí omi òjò má bàa bá wọn lórí ibùsùn, kí wọ́n sì yẹra fún abẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ tí kò fọ abọ́ rí nílé yóò fọ tirẹ̀. Yóò kọ́ kókó tí kì í tú àti èyí tó yá tú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó le jù, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́ ọ. Bí ìrẹsì bá jóná, kò lè dá àbúrò lẹ́bi bó bá jẹ́ pé ó kàn pàṣẹ ni, tí kò fi hàn án bí wọ́n ṣe ń dín iná kù. Ní òru, nígbà tí ọmọ kékeré bá ń sunkún ilé, igbe kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Àfi kí ẹ̀gbọ́n jókòó tì í títí oorun yóò fi gbé e lọ. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọdún 17 ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ewu kò ṣàìsí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí wọn kò mójú tó lè sọ àbúrò di ìránṣẹ́, kí ó máa rán an ní omi kí ó sì máa gba ẹran rẹ̀ jẹ, bí ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé ilé-ìwé rí ṣe mọ̀. Olórí ọ̀wọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń jẹun kẹ́yìn. Ìbẹ̀rù òbí pẹ̀lú kì í ṣe àsọdùn, nítorí ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ kò tán nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Níbo ni àgọ́ wà? Àgbà mélòó ló ń bá wọn lọ, ta sì ni wọ́n? Ta ló mọ oògùn tí ọmọ ń lò? Ṣé wọn kò ní jẹ́ kí àgbà kan ṣoṣo wà pẹ̀lú ọmọ kan ní kọ̀rọ̀? Aṣáájú tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fọmọ ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọn yóò tú okùn, wọn yóò ká aṣọ àgọ́, wọn yóò sì bo ojú ààrò. Ọmọ yóò padà sílé pẹ̀lú aṣọ tó ń rùn èéfín. Bó bá di ọdún márùn-ún sí i, ọmọ tó rá wọ abẹ́ aṣọ di òpó mú ni yóò gba òòlù, ọmọ mìíràn yóò sì wà nínú. Bí gbogbo gẹ́ètì bá ti ọmọ kékeré mọ́lé lónìí, ta ni yóò gbá èèkàn lọ́la?