Gbéwá, Ẹ̀rọ tí Ń Gbọ́ Ohùn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń rán ni níṣẹ́ àti ẹni tí a ń rán.

Ìyá wa ti lé ní ẹni ọdún 75, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú nínú òkùnkùn bí ó ti ń lọ bu omi àlùwàlá ṣáájú ìrun àsùbáà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn wa kò ti balẹ̀ mọ́. Ọmọ ìbátan wa kan tí ó wá láti Ẹ̀pẹ́, ọmọbìnrin ọdún 12, ni ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kò sí nílé. Bí ó bá sì dé, iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ń dúró dè é. Ta ni yóò wá máa gbé bùtá fún Ìyá? Ta ni yóò máa tan iná fún un?

Àbúrò mi ọkùnrin ni ó wá èsì sí ìbéèrè yìí. Oníṣẹ́ iná ni ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní Odógunyán, ní ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò náà mọ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń kó àlòkù irin wọlé níbẹ̀ tọ̀sán tòru, tí iná ìléru sì ń yọ́ ọ di ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Ó ní, “Àǹtí, nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń tà ní àlòkù níbí, a lè rí ohun tí yóò máa gbé omi fún Ìyá, tí yóò sì máa gbọ́ ohùn wọn.”

Ẹ má ṣe rò pé ohun àjèjì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 1206, ọ̀gbẹ́ni Ismail al-Jazari parí ìwé ńlá kan lórí àwọn ẹ̀rọ àrà tí ó ti ṣe. Ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́ ni à ń pè ní Diyarbakir lónìí, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Nínú ìwé náà ni ó ti sọ pé ọba tí òun ń sìn kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ máa dúró bu omi sí òun lọ́wọ́ bí òun bá fẹ́ ṣe àlùwàlá. Al-Jazari sì ṣe ẹ̀rọ tí ń da omi náà fúnra rẹ̀. Òmíràn tún wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ní ère ìránṣẹ́ tí ń na ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́ sí ẹni tí ń fọwọ́. Kò sí iná mànàmáná nígbà náà. Omi àti ìwúwo omi ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ tí ń ṣe ìránṣẹ́ kò bá ẹ̀sìn wa mu, ẹ rán an létí pé bùtá àlùwàlá wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ fà á. Ní ilẹ̀ wa níbí náà, ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Uniccon ní Àbújá fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Omeife han gbogbo ayé. Ó ní ìrísí obìnrin, ó sì ń sọ Yorùbá, Haúsá àti Ígbò.

Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú kí àbúrò mi tó kan ìṣó kan, ó ní kí n mú ìwé àti kálámù, kí n jókòó ti Ìyá fún ọjọ́ kan, kí n máa kọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ránni sílẹ̀. Láti àsùbáà títí di ìgbà tí a kírun ìṣáà, iṣẹ́ 41 ni mo kọ. Ẹ gbọ́ mi, Ìyá wa kì í ṣe ẹni tí ń ni ènìyàn lára. Omi mímu, oògùn orúnkún, bùtá, iná, fáànù, rédíò, “wo ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn,” bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, ẹrù ńlá ni fún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dán ìkọ̀wé yìí wò nínú ilé yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ojú yín yóò sì là.

Nínú iṣẹ́ 41 náà, àbúrò mi ní 23 jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Bí ó ti ṣe é nìyí. Pákó ni ara rẹ̀, ó ní pẹpẹ méjì, ó ga dé ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lè tó. Ẹ̀rọ kékeré méjì tí ń ti wáípà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó ń yí táyà rẹ̀. Agbára wọn pọ̀, wọn kì í sì í sáré. Bátìrì ọ̀kadà ni ó ń fún un ní iná. Ọpọlọ rẹ̀ ni pátákó kékeré tí à ń pè ní Arduino, èyí tí àwọn olùkọ́ kan ní ìlú Ivrea ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè rí ohun ìkọ́ṣẹ́ tí kò wọ́n rà. Ó ní ojú méjì lábẹ́ tí ń tọ téèpù dúdú tí a lẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ilé ìdáná dé yàrá Ìyá. Ó ní ohun kan níwájú tí ń ṣe bí àdán: ó ń rán ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ jáde, bí ohùn náà bá tètè padà, ó mọ̀ pé nǹkan wà lọ́nà, a sì dúró. A rí i dájú pé téèpù náà kò gba iwájú ibi tí Ìyá ń tẹ́ ẹní ìrun sí kọjá.

Etí rẹ̀ ni ó ṣòro jù. Ní ọdún 2024, Google kéde pé ẹ̀rọ àwọn lè gbọ́ Yorùbá bí a bá sọ ọ́ sí fóònù, ohun ayọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n irú etí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa kò sì fẹ́ kí ohùn obìnrin láti inú yàrá rẹ̀ máa rìn lọ sí ilé kọ̀ǹpútà ní òkèèrè. Etí tí àbúrò mi lò jẹ́ pátákó kan tí ilé-iṣẹ́ Elechouse ṣe. Kò gbọ́ èdè kankan. Ẹni tí ó ni ín ni yóò sọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tọ́jú bí ohùn náà ti rí. Ó lè tọ́jú ọ̀rọ̀ 80, ṣùgbọ́n 7 péré ni ó lè máa fetí sí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ kan kò sì gbọdọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lọ. Kò bìkítà bóyá òyìnbó ni o sọ tàbí ohùn Ìkòròdú ti ìyá tí eyín rẹ̀ ti ń yọ.

Ọ̀rọ̀ 7 péré! Ẹ wo bí a ti rò ó tó. A kọ́kọ́ fi “Tan iná” àti “Pa iná” sí i, ṣùgbọ́n ìparí wọn jọra, ẹ̀rọ sì ń ṣì wọ́n gbọ́. Ìyá ni ó rí ọ̀nà àbáyọ: “Bí mo bá fẹ́ kí iná kú, n ó ní ‘Ó tó.’” Láti ìgbà náà kò ṣì í gbọ́ mọ́. Bí a bá fẹ́ fáànù, “Abẹ̀bẹ̀”, bí a bá fẹ́ kí ó dúró, “Òtútù.” “Padà” ni kí ó lọ sí ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ tí ń pè é wá ni orúkọ rẹ̀, “Gbéwá.” Àbúrò mi ti fẹ́ fún un ní orúkọ ènìyàn, kí ó sì kun ojú àti imú sí i. Ìyá ní rárá. Wọ́n ní orúkọ tí a fi àdúà sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe ti pákó, àwọn kò sì fẹ́ ohun tí ó ní ojú nínú yàrá tí àwọn ti ń kírun.

Ọ̀rọ̀ keje ni “Ẹ gbà mí o.” Bí Ìyá bá sọ ọ́, agogo yóò dún nínú gbogbo ilé. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọ̀fìnkìn mú Ìyá, ẹ̀rọ kò dá ohùn wọn mọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì ń dún, kì í gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ẹni tí ó ṣubú, tí ẹ̀rù ń bà, kò sì lè rí bákan náà pẹ̀lú ohùn ẹni tí ó jókòó pẹ̀sẹ̀ nígbà tí ó ń kọ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà a kò fi ẹ̀mí Ìyá lé ohùn nìkan lọ́wọ́. Bọ́tìnnì agogo kan wà tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́, ènìyàn sì ń sùn ní yàrá kejì ní alaalẹ́.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 7, fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí púpọ̀. Yóò máa kígbe mọ́ ọn pé “Gbéwá! Padà!” bí ọ̀gá sójà. Ní ọjọ́ kan, ó kọjú sí ọmọ ìbátan wa tí ó ń ka ìwé rẹ̀, ó sì kígbe mọ́ ọn bákan náà pé kí ó gbé omi wá. Ìyá pè é jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, “Èyí kò ní ìyá. Ọmọ yìí ní ìyá ní Ẹ̀pẹ́. Bí o bá fẹ́ omi, dìde, tàbí kí o sọ fún un pé ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́.’” Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tí a kanra mọ́ ọn, ahọ́n wa sì lè ti ibẹ̀ kọ́ àṣà búburú. Ánáàsì ọmọ Máálíkì sin Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fún ọdún 10, ó sì jẹ́rìí pé Ànọ́bì kò kanra mọ́ òun rí.

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó gbé omi wá ni, kò lè rí i pé ojú Ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ 18 tí ó kù nínú ìwé mi kò ṣe é fi sí ẹ̀rọ: kí a fi Róòbù pa orúnkún, kí a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kí a ka lẹ́tà orí fóònù sí wọn létí, kí a sáà jókòó tì wọ́n. A pín wọn láàárín ara wa, a sì pín fún ọkùnrin ilé pẹ̀lú. Nígbà tí àbúrò mi ní òun ti ṣe ẹ̀rọ, ó tó, mo rán an létí ohun tí ìyá wa Áíṣà sọ nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí Ànọ́bì ń ṣe nínú ilé. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, títí ìrun yóò fi tó. Nísinsìnyí, àbúrò mi ni ó ń fi Róòbù pa orúnkún Ìyá ní alaalẹ́ Jímọ̀.

Ẹ rántí Fátímà náà, ọmọ Ànọ́bì, tí ọlọ lílọ̀ ti ha lọ́wọ́, tí ó lọ bèèrè ìránṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ànọ́bì kò fún un ní ìránṣẹ́. Ó wá bá òun àti Alí ní alẹ́, ó sì kọ́ wọn ní Sùbúhánálláhì 33, Alihamudulilláhì 33 àti Alláhù Akbárù 34 kí wọ́n tó sùn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìránwọ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń gbé ilé ró.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àti kálámù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbé omi gbígbóná. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná nìkan fọwọ́ kan wáyà tí ó wá láti ara ògiri. Kí bátìrì tí ó ti kú má ṣe di ohun ìṣeré ọmọdé, nítorí òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní Ògíjo, tí ó bá Ìkòròdú pààlà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù bátìrì, àyẹ̀wò tí a gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo ọmọ tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ yín nílé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, pé kí ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí a má sì di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí. Bí ẹ bá lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba díẹ̀ nínú ẹrù náà, ó dára. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ pín in. Ọmọ ìbátan wa gba ipò kẹrin ní kíláàsì rẹ̀ ní sáà tí ó kọjá, Ìyá sì ń rí omi àlùwàlá wọn ní àsùbáà láìfẹsẹ̀ kan òkùnkùn.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn ìyá wa ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ẹni tí yóò gbé bùtá fún àwa náà lọ́jọ́ alẹ́. Àmín.