Kí Àdá Tó Wọ Igbó: Yíyan Irinṣẹ́ Ìṣánko ní Ede

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní agbègbè Ede, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú máa ń bi ara wọn: kí ni kí wọ́n fi ṣán igbó? Láyé àtijọ́, ìbéèrè náà kò le. Àdá, ọkọ́, àáké àti iná ni irinṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ àti àáró ni agbára. Lónìí, ẹ̀rọ àti oògùn ti kún ọjà. Bí ohun tí ènìyàn lè yàn ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà tí ó lè gbà ṣì í yàn ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà dé bá olùkọ́-fẹ̀yìntì kan ní Ede nígbà tí ó fẹ́ padà sí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀ náà tó éékà méjì, nǹkan bíi pùlọ́ọ̀tì méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti dáko níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ewé akíntọ́lá ti bo àárín rẹ̀, ẹ̀kan ti gba apá kan, ṣùgbọ́n igi agbálùmọ̀ méjì àti ọ̀pẹ mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ tọ́jú ṣì dúró. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí ilẹ̀ náà bá mú jáde ni ó fẹ́ máa fi kún un.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ló kọ́kọ́ mú ìmọ̀ràn wá. "Bàbá, ẹ háyà katapílà. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ máa fi parí rẹ̀. Níbí, bí yìnyín bá bo ojú ọ̀nà, ẹ̀rọ la fi ń gbá a kúrò, kì í pẹ́ rárá." Ìmọ̀ràn onífẹ̀ẹ́ ni, ọmọ náà sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá dá a lóhùn pé, "Yìnyín tí ẹ̀ ń gbá yẹn, àlejò ni lórí ilẹ̀. Bí ẹ kò tilẹ̀ gbá a, yóò yọ́ lọ. Igbó kì í ṣe àlejò, aṣọ ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ aṣọ lára ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má bó o láwọ."

Ìwádìí ti gbe bàbá náà lẹ́yìn. Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oríṣiríṣi ọ̀nà ṣán igbó, wọ́n sì wọn iye erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ lẹ́yìn òjò. Ibi tí wọ́n fi ọwọ́ ṣán ni erùpẹ̀ rẹ̀ dúró jù. Ibi tí ẹ̀rọ ńlá ti hú igi tegbòtigaga pàdánù ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Abẹ katapílà kò mọ ibi tí koríko parí sí tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ha ilẹ̀ dúdú tó ní ọ̀rá lọ sí etí oko, ìwúwo rẹ̀ sì ń tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀ débi pé omi òjò kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé lè fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti fi owó ara rẹ̀ ra ìyàn.

Aládùúgbò rẹ̀ lóko ní tirẹ̀ dábàá oògùn apako. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó sì yá. Ṣùgbọ́n paraquat, èyí tó ń jó ewé gbẹ kíákíá, ni àjọ NAFDAC ti fòfin dè láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, 2024. Ẹnu kan péré nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn, kò sì sí ẹ̀rọ̀ fún oró rẹ̀. Síbẹ̀, inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni àwọn kan ń bu irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí, níbi tí ọmọdé ti lè pè é ní ohun mímu. Glyphosate, tó ń wọ inú gbòǹgbò, lè kápá ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ìbòmú àti ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Olùkọ́ náà rántí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń bá a lọ sóko nígbà ọlidé, ó sì rántí odò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Ó gbé ìmọ̀ràn yẹn tì.

Ẹ̀rọ ìgéko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká wù ú. Okùn ọ̀rá tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ dára fún koríko rírọ̀. Abẹ irin ló yẹ igi wẹ́wẹ́ bí akíntọ́lá. Wọ́n gbọ́dọ̀ po epo ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ bá sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bàjẹ́. Òkúta tí abẹ rẹ̀ bá ta lè fọ́ ojú, nítorí náà awò ìdáàbòbo di dandan, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọn tó mítà 15. Àmọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, 2023, tí iye bẹntiróòlù fò ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ kékeré pàápàá ti di ohun tí ènìyàn ń ṣírò kí ó tó tàn án. Ẹ̀rọ yìí kì í sì í hú gbòǹgbò. Ẹ̀kan tó gé lónìí yóò tún yọ láìpẹ́.

Iná ńkọ́? Ìlú Tímì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni Ede. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ọmọ ibẹ̀ bí iná ṣe ń rìn. Nígbà ọyẹ́, iná tí ènìyàn dá sí oko ara rẹ̀ lè jẹ oko ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì ń sun ewé tó yẹ kó jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀.

Níkẹyìn, alágbàṣe mẹ́ta ni ó gbà, pẹ̀lú àdá mímú àti àáké. Kò rọrùn láti rí wọn, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gba ìdí ọ̀kadà lọ. Owó gidi àti oúnjẹ ọ̀sán ló fi mú wọn dúró. Wọ́n ṣán akíntọ́lá, wọ́n tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀, wọn kò hú kùkùté. Ọkọ́ ni wọ́n fi wú gbòǹgbò ẹ̀kan, wọ́n sì gbin ẹ̀gúsí síbẹ̀ kí ìtàkùn rẹ̀ lè bo ojú ilẹ̀. Èyí tó kù nínú owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ ni ó fi dá sí ẹ̀rọ ìgéko kan tí òun àti aládùúgbò méjì jọ rà, fún ìtọ́jú ọ̀nà àti ààlà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà, àgbàdo rẹ̀ sì pẹ́ wọlẹ̀ ju ti àwọn tó fi ẹ̀rọ ṣán tiwọn. Àdánù gidi ni ìyẹn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ilẹ̀ sì wà lára ohun tí owó Kánádà kò lè tún rà padà bí ọ̀gbàrá bá ti gbé e dé odò. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń lọ sọ́jà láti ra irinṣẹ́ kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ rẹ̀ ká. Kí ó wo ibi tí omi ń ṣàn gbà, kí ó sì ta aṣọ pupa mọ́ igi tí kò fẹ́ kí wọ́n gé.