Gíga Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n: Ìrìnàjò Lórí Ọ̀rọ̀ Yorkshire Pudding

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí abájọ Yorkshire pudding, ojú iná ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tó lọ sí Yorkshire. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìrìnàjò yìí bẹ̀rẹ̀ ní Hampton Court, ààfin Ọba Henry Kẹjọ létí odò Thames, níbi tí rélùwéè láti Waterloo ní London ń parí sí. Nínú ilé ìdáná ààfin náà, wọ́n ṣì máa ń dá iná igi sínú ààrò ńlá, wọ́n á fi irin gígùn gún ẹran màlúù, wọ́n á sì máa yí i níwájú iná. Bí èèyàn bá dúró wo irú ẹran bẹ́ẹ̀, yóò rí ọ̀rá tó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Orí ọ̀rá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Pudding tí mò ń wí kì í ṣe nǹkan dídùn tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Fúláwà, ẹyin, wàrà àti iyọ̀ ni, tí wọ́n pò títí ó fi ń ṣàn, tí wọ́n wá dà sínú ọ̀rá gbígbóná, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń jẹ pẹ̀lú ẹran sísun lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn alásè àtijọ́ kò fẹ́ kí ọ̀rá yẹn ṣòfò, wọ́n bá gbé páànù sábẹ́ ẹran. Lóde òní, wọ́n ti mú un bí òfin pé èyí tí kò bá ga fíofío ti bàjẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rá ṣe gbóná tó ni òṣùwọ̀n; gíga kàn lè tẹ̀ lé e ni.

Àwọn ìwé ìdáná àtijọ́ jẹ́rìí sí i. Ní 1737, ìwé kan tó ń jẹ́ The Whole Duty of a Woman ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ń kán ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kò sí Yorkshire níbẹ̀. Ní 1747, Hannah Glasse gbé ìwé tirẹ̀ jáde, The Art of Cookery Made Plain and Easy, ó sì pè é ní Yorkshire pudding. Ẹ wo ohun tó ní kí alásè ṣe. Wàrà tó lé díẹ̀ ní lítà kan, ẹyin mẹ́rin péré, iyọ̀ díẹ̀, àti fúláwà tí yóò mú un ki. Kí ọ̀rá kọ́kọ́ hó lórí iná kí wọ́n tó da àpòpọ̀ náà sí i. Bó bá kù díẹ̀ kó jinná, kí wọ́n da àwo kan délẹ̀ nínú páànù tó wà lábẹ́ ẹran, kí wọ́n gbé pudding lé e, kí ọ̀rá máa kán sí i lórí, kí ooru iná sì mú ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀rá gbígbóná ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gíga kò sí níbẹ̀. Àwọn alásè òde òní ń fi ẹyin mẹ́rin sí nǹkan bíi 200 mílílítà wàrà; ẹyin mẹ́rin nínú lítà kan kò lè gbé e dìde tó bẹ́ẹ̀. Ní 1861, nígbà tí Mrs Beeton gbé ìwé ìdáná tirẹ̀ jáde, ófùnù ti dé, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n gé pudding sí igun mẹ́rin kéékèèké kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì. Ohun tó ga, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, kò ṣe é gé báyẹn.

Láti ibùdó rélùwéè King's Cross ní London, nǹkan bíi wákàtí méjì ni rélùwéè ń rìn dé York, ní Yorkshire. Nínú àwọn ilé ọtí tó ń ta oúnjẹ níhìn-ín, pudding náà ń fẹ̀ tó àwo, wọ́n á sì da ọbẹ̀ ẹran sínú rẹ̀. Lójú pópó, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi wé ẹran sísun kí oníbàárà lè máa jẹ ẹ́ lọ. Ará York tó ń ra èyí kò béèrè bó ṣe ga tó. Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé Royal Society of Chemistry, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, sọ ní 2008 pé èyí tí kò bá ga tó íǹṣì mẹ́rin kì í ṣe Yorkshire pudding. Ọ̀rọ̀ wọn yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò, nítorí ìdí wà tí pudding fi ń wú. Kò sí ìwúkàrà nínú rẹ̀. Omi inú wàrà àti ẹyin ló ń di oru, oru omi sì máa ń gba àyè ju omi lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Etí tó kan páànù ló ń kọ́kọ́ gan, oru á ti ìyókù sókè, ẹyin á sì di ògiri rẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí a má ṣí ilẹ̀kùn ófùnù kí 20 ìṣẹ́jú tó pé. Alákàrà mọ̀ pé bí òróró kò bá gbóná, àkàrà á mu ún yó. Pudding tí wọ́n dà sínú ọ̀rá tútù náà á wúwo, á sì lẹ̀ mọ́ páànù. Nítorí náà mo gbà pé nínú páànù kékeré, èyí tó kọ̀ tí kò ga ń fẹjọ́ ọ̀rá tútù sùn. Ṣùgbọ́n nínú páànù fífẹ̀, etí nìkan ló ń dìde; àárín á wà nílẹ̀, á rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rá gbóná, iṣẹ́ sì pé. Íǹṣì mẹ́rin yóò dá alásè yìí lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé àárín rírọ̀ yẹn ló ń mu omi ẹran jù lọ.

Mo gba Newcastle kọjá sí Hexham, ìlú kékeré létí odò Tyne tí Hannah Glasse ti dàgbà. Northumberland nibẹ̀, kì í ṣe Yorkshire, London ni wọ́n sì bí i sí, ní 1708. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé Yorkshire kò ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà. Lójú tèmi, ẹ̀rí rẹ̀ lágbára sí i nítorí pé kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Obìnrin tó ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé ìdáná, tí kò ní ìdí láti pọ́n Yorkshire lé, ló sọ ọ́ lórúkọ ibẹ̀; ó ní láti jẹ́ pé òkìkí pudding Yorkshire ti kàn dé etí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi orúkọ Yorkshire gbèjà gíga, kó rántí pé èyí tó wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ ni orúkọ yẹn kọ́kọ́ bo.

Láyé àtijọ́, pudding yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé wá pẹ̀lú omi ẹran, kí inú èèyàn lè ti kún díẹ̀ kí ẹran tó dé, nítorí ẹran wọ́n, fúláwà kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Páànù kan ṣoṣo bọ́ gbogbo ilé. Wọ́n lè ní ìyẹn ti kọjá, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú àwo kan náà. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá ti kúrò nínú ófùnù ló ń rọlẹ̀, etí rẹ̀ tó gbẹ á sì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ àti ànàmọ́. Ètò àwọn tálákà àtijọ́ ló ṣì bá adùn rẹ̀ mu jù. Fún Yorùbá tó ń gbé Leeds tàbí London, tí kò sì fẹ́ ọ̀rá ẹran, òróró ẹ̀pà ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí ó lè gbóná gan-an kó tó jó. Bọ́tà kò lè ṣe é. Kí ófùnù wà ní 220°C, kí òróró inú páànù fífẹ̀ máa rú èéfín díẹ̀, kí àpòpọ̀ pariwo ṣáá bó ṣe kàn án, kí a sì ti ilẹ̀kùn kíákíá. Bó bá pọ́n, kí a gé e ní gbígbóná, kí omi ẹran wà nítòsí, kí ẹran dúró dìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán.